Ṣé Dọ́là Kan Kò Kéré Jù fún Ìdì Géèmù?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ni mí, Under G ni mò ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Mo rí géèmù bíi mẹ́wàá tí wọ́n dì pọ̀ tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kí n san iye tó bá wù mí láti dọ́là 1 lọ sókè, pé àjọ aláàánú máa rí nínú owó náà. Ọ̀rẹ́ mi ní jìbìtì ni. Bí kì í bá ṣe jìbìtì, ṣé mi ò ní dà bí olè bí mo bá san dọ́là 1 péré? Láptọ́ọ̀pù mi kò lágbára, dátà náà sì ti wọ́n.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, irú ọjà bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, ó sì ti pẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Amẹ́ríkà, Wolfire Games, kó géèmù àwọn oníṣẹ́ kéékèèké jọ: World of Goo, Aquaria, Gish, Lugaru àti Penumbra: Overture. Humble Indie Bundle ni wọ́n pè é. Sẹ́ńtì 1 pàápàá, wọ́n gbà á. Síbẹ̀ owó tó wọlé lé ní mílíọ̀nù 1 dọ́là. Àwọn tó ń lo Linux, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí àwọn kan ń lò dípò Windows, ló san jù, bíi dọ́là 14 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àwọn oní-Windows san bíi 8. Èmi tí mò ń lo Linux kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ìyẹn.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọn ò san sẹ́ńtì 1 yẹn. Wolfire fúnra wọn ṣírò ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní nínú gbogbo ẹ̀dà tí wọ́n dáńlóòdù, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni kò lówó nídìí. Torí náà, ẹni tó san iye tí olọ́jà fọwọ́ sí kì í ṣe olè. Má fi ìyẹn da ara rẹ láàmú.

Ohun tí mo fẹ́ kí o wò dáadáa ni bí wọ́n ṣe ń pín owó náà. Ní 2010, ẹni tó ń rajà ló ń pín in. O lè fi mọ́ọ̀sì fa iye tó máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ṣe géèmù, kí o fa iye tó máa lọ sọ́dọ̀ Child's Play, tó ń kó géèmù àti ohun ìṣeré lọ fún àwọn ọmọdé tó wà ní ilé ìwòsàn, tàbí Electronic Frontier Foundation, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Ziff Davis, ilé-iṣẹ́ ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà, ra Humble Bundle, ilé-iṣẹ́ tó ti inú ìdì àkọ́kọ́ yẹn jáde, ní 2017, nígbà tó sì di 2021, wọ́n kéde pé àwọn máa fi ààlà sí iye tí oníbàárà lè darí sọ́dọ̀ aláàánú. Ní itch.io ẹ̀wẹ̀, ìkànnì mìíràn tí wọ́n ti ń ta géèmù, ìdì kan jáde ní oṣù kẹfà 2020 fún ìjà lòdì sí ìwà ìrẹ́jẹ sí àwọn ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà. Dọ́là 5 ni ó kéré jù, géèmù àti nǹkan mìíràn inú rẹ̀ lé ní 1,000, owó tó wọlé lé ní mílíọ̀nù 8 dọ́là. Aláàánú ló gba owó náà. Àwọn tó ṣe géèmù yọ̀ǹda tiwọn ni. Ṣé o rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń kọ síta, àmọ́ owó kò gba ojú ọ̀nà kan náà? Wo orúkọ àjọ tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí o lọ sí ìkànnì àjọ náà fúnra rẹ̀ lọ wò ó bóyá wọ́n mọ̀ sí i. Bí kò bá sí orúkọ kankan, ọ̀rẹ́ rẹ lè jàre.

Wàyí o, dọ́là 1 rẹ. Àwọn tó ń gba owó lórí káàdì lè yọ bíi sẹ́ńtì 30 nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Èyí tó kù, ẹni mẹ́wàá tó ṣe géèmù, aláàánú àti olùtà ló máa pín in. Bí o bá fẹ́ ra ìdì mẹ́ta lọ́dún ní dọ́là kọ̀ọ̀kan, èmi ì bá ní kí o ra ẹyọ kan ní dọ́là 3. Owó náà máa ṣiṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn olùtà mìíràn tún máa ń fi èènì sí i: bí o bá san ju iye tí àwọn tó kù ń san lọ, géèmù kan tàbí méjì á lé sí i. Má jẹ́ kí èènì mú ọ san owó oúnjẹ.

Ti káàdì, béèrè ní báńkì rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Káàdì náírà kì í fìgbà gbogbo ṣiṣẹ́ lókè òkun, iye náírà tí wọ́n sì fi ń ṣírò dọ́là kò dọ́gba láti báńkì sí báńkì.

Wò ó bóyá kóòdù Steam (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí géèmù nínú Steam, ètò tí wọ́n fi ń ra géèmù lórí kọ̀ǹpútà) ni wọ́n fẹ́ fún ọ tàbí fáìlì géèmù gan-an. Kóòdù máa ń fẹ́ kí o fi Steam sórí ẹ̀rọ, Steam á sì máa fẹ́ dátà lóòrèkóòrè. Àwọn kóòdù mìíràn kì í sì ṣí ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Fáìlì tí wọn ò ti kọ́kọ́rọ́ mọ́, o lè dáńlóòdù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóru nígbà tí dátà bá dínwó, kí o kó o sórí fúláàṣì, kò sì ní béèrè íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Èyí ni mo fẹ́ fún ọ, kódà bó bá wọ́n díẹ̀. Má sì dáńlóòdù gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ka ohun tí géèmù kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, mú ẹyọ kan, gbá a wò. Àwọn géèmù 2D, tí àwòrán wọn tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti World of Goo, kì í sábà da láptọ́ọ̀pù àtijọ́ láàmú.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ka kọ̀ǹpútà lo wà, nǹkan kan tún wà fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí owó ìdì àkọ́kọ́ yẹn kọjá mílíọ̀nù 1, àwọn tó ṣe Lugaru, Gish, Aquaria àti Penumbra: Overture tú source code, ìyẹn àkọsílẹ̀ ètò tí wọ́n fi ṣe géèmù náà, síta fún aráyé. Bẹ̀rẹ̀ láti Lugaru. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.