Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n yọ́ owó góòlù yìí?

Ìbéèrè: Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Harare fún mi ní owó góòlù kan, ó ní kí n fi ṣe ọ̀ṣọ́ fún ọmọ mi tí ìdána rẹ̀ ń bọ̀. Omi tó ń já láti orí àpáta ni wọ́n yà sí i, nọ́ńbà sì wà lára rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tí mo gbé e lọ bá wọ̀n ọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gírámù 34. Ó ní àbùlà ni, pé kì í ṣe 24 kárátì, ṣùgbọ́n òun á yọ́ ọ, òun á fi ṣe ẹ̀wọ̀n ọrùn 18 kárátì tí yóò wọn gírámù 34 gẹ́lẹ́. Ṣé kí n gbà? (Ìyá ìyàwó, Ṣómólú)

Ìdáhùn: Ìyá ìyàwó, ẹ kú ìmúra o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbà.

Bí ẹ ṣe júwe rẹ̀ yìí, Mosi-oa-Tunya ni, owó góòlù tí báǹkì àpapọ̀ Zimbabwe gbé jáde ní oṣù keje ọdún 2022. Odò Zambezi ló ń já lulẹ̀ lára rẹ̀ yẹn, ní ààlà Zambia àti Zimbabwe. Ẹni tó bá ti dé Olúmìrìn ní Ẹrìn-Ìjẹ̀ṣà ti mọ bí omi ṣe ń hó, ṣùgbọ́n tibẹ̀ yẹn fẹ̀ ju mítà 1,700 lọ, ó sì ga tó 108. Èéfín tó ń sán bí ààrá ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Láti 1989 ni UNESCO ti kà á mọ́ ogún gbogbo ayé.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe 24 kárátì, ìyẹn góòlù pọ́ńbélé. Ṣùgbọ́n wọn kò bù ú là láti fi rẹ́ni jẹ. 22 kárátì ni wọ́n dìídì ṣe é, nítorí góòlù tí kò ní irin mìíràn nínú máa ń rọ̀ jù. Nínú gírámù 33.93 tó wọ̀n, 31.1 jẹ́ góòlù pọ́ńbélé. Ohun tí àwa oníṣẹ́ góòlù ń pè ní áúǹsì kan nìyẹn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti la ojú yín dáadáa nìyí. Nínú 18 kárátì, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin péré ni góòlù. Ẹ̀wọ̀n gírámù 34 tó ṣèlérí fún yín kò ní ju gírámù 25 ààbọ̀ góòlù lọ. Níbo ni gírámù márùn-ún ààbọ̀ tó ṣẹ́ kù wà? Ọwọ́ rẹ̀ ló máa kù sí, yóò sì tún gba owó iṣẹ́. Bí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ 18 kárátì, góòlù yín tó ẹ̀wọ̀n bíi gírámù 41.

Èmi kò ní yọ́ ọ rárá. Bó bá ti wọ iná, àwòrán lọ, nọ́ńbà lọ, ẹni tí ẹ bá sì gbé e tọ̀ ní Balógun lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ tà á, góòlù àlòkù ni yóò fi dá a lé. Férémù góòlù tẹ́ẹ́rẹ́ tí yóò gbá etí rẹ̀ mú la máa ń ṣe fún irú rẹ̀, a ó wá fi ẹ̀wọ̀n kọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lu ihò sí i. Ẹ má sì fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ kó lè dán, yóò ha á lójú. Lórí aṣọ òkè ìyàwó, ẹ óò rí i bí yóò ṣe yọ!

Kí ẹ tó náwó kankan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nílé. Ẹ wá sikéèlì kékeré tó ń ka ìdá gírámù, ẹ gbé ife omi lé e, ẹ dá a padà sí òdo. Ẹ fi òwú so owó náà, ẹ rì í sínú omi kó má kan ìdí ife. Nǹkan bí 1.9 ló yẹ kó kà. Idẹ tó wọ̀n bákan náà yóò kà tó 4.

Ẹ pe àbúrò yín lónìí, kó fi ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún un nígbà tó rà á ránṣẹ́, kí ẹ sì gba owó náà kúrò lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ bó bá ṣì wà níbẹ̀.