Ìdánwò tó há ni gbèdéke àkókò wà fún, kì í ṣe ìdánwò tó lọ́ra

Ẹ kú iṣẹ́. Ìbéèrè tí ẹ mú wá ni pé ṣé ó yẹ kí a fi gbèdéke àkókò sí àwọn ìdánwò aládàáṣe tí a ń kọ fún sọ́fítíwíà, ìyẹn àwọn kóòdù kékeré tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò fúnra wọn, àbí kí a jẹ́ kí oníkálukú wọn máa ṣiṣẹ́ lọ títí yóò fi parí fúnra rẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀ gan-an, n kò sì mọ ìdánwò kankan tí mo lè dá sí. Àmọ́ kí gbèdéke náà fẹ̀ dáadáa. Àṣìṣe méjèèjì ni mo ti ṣe rí: mo ti ṣiṣẹ́ láìní gbèdéke, mo sì tún ti jẹ́ kó le jù, èyí èkejì ló sì dùn mí jù.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Yábàá ni mo wà nígbà náà, sọ́fítíwíà ìsanwó ni a ń kọ, pytest, irinṣẹ́ ìdánwò fún èdè Python, ni a sì fi ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Ní tirẹ̀, pytest kì í fi gbèdéke sí ohunkóhun; àfi kí èèyàn fi àfikún tí wọ́n ń pè ní pytest-timeout kún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dúró ti ìdánwò tó bá há títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, a fi kóòdù tuntun ránṣẹ́, oníkálukú sì yára gba ilé lọ kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ má baà ká wa mọ́ orí afárá Third Mainland. Kò sẹ́ni tó dúró wo bí ìdánwò náà ṣe parí.

Nínú kóòdù yẹn, ìdánwò kan ti ṣí ìsopọ̀ sí dátábéèsì PostgreSQL tí a ń kó dátà wa sí, ó ti yí ìlà kan padà nínú tábìlì, kò sì tíì fi àyípadà náà múlẹ̀ tí ó fi ṣí ìsopọ̀ kejì láti pa gbogbo ohun tó wà nínú tábìlì kan náà rẹ́. Ìsopọ̀ kejì ń dúró de àkọ́kọ́, àkọ́kọ́ kò sì lè tẹ̀síwájú àfi tí èkejì bá kọ́kọ́ parí, bí danfo méjì tó doríkọ ara wọn nínú àdúgbò tóóró ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí awakọ̀ kankan kò sì fẹ́ fà sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé inú dátábéèsì gan-an ni àwọn méjèèjì ti ń dúró de ara wọn, PostgreSQL ìbá ti rí i, nítorí pé bí ohun kan bá ti dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 1, ó máa ń wò ó bóyá irú ìdè bẹ́ẹ̀ wà, yóò sì fagi lé ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìsopọ̀ kan ṣoṣo ni dátábéèsì rí tó ń dúró. Ìyókù ìdè náà wà nínú kóòdù tiwa. Lock_timeout rẹ̀, ìyẹn gbèdéke tí ó fún ìsopọ̀ tó ń dúró de òmíràn, sì wà ní 0 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń gbé e wá, èyí tó túmọ̀ sí pé kí ó máa dúró láìlópin.

A ti ṣètò pé kí àwọn ìdánwò máa bẹ̀rẹ̀ fúnra wọn ní wákàtí mélòó kan síra lórí kọ̀ǹpútà tí a yá, tí wọ́n ń ka owó rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ńṣe ni wọ́n ń há tẹ̀lé ara wọn. Nígbà tí a dé, ìṣẹ́jú tó yẹ kí a lò fún oṣù náà ti tán, àtúnṣe kan tí oníbàárà ń dúró dè kò sì lè jáde títí a fi rí káàdì tó lè san dọ́là. Ibi tí ìdánwò náà ti há kò tún hàn níbì kankan. Odidi ọjọ́ kan ni a fi wá a.

Ìbínú ọjọ́ yẹn ni mo fi gbé gbèdéke ìṣẹ́jú àáyá 2 lé gbogbo ìdánwò lórí. Ní ọ́fíìsì wa, bí wọ́n bá mú iná lọ, bátìrì ni kọ̀ǹpútà alágbèéká wa máa ń lò títí wọn yóò fi tan jẹnẹrétọ̀, ó sì máa ń dín eré rẹ̀ kù láti ṣọ́ bátìrì lò. Ìdánwò tó ń gba ìṣẹ́jú àáyá 1 di èyí tó ń gba 3, ó sì ń kùnà láìṣẹ̀. Láàárín oṣù méjì, kò sí ẹni tó ń ka ìdí tí ìdánwò fi kùnà mọ́. A kàn ń tún un ṣe ni, títí yóò fi yege. Bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò kan ṣe kùnà lẹ́ẹ̀mẹta nítorí àṣìṣe gidi, a tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹrin, ó yege, a gbé kóòdù náà jáde, ó sì yọ owó àwọn oníbàárà kan lẹ́ẹ̀mejì. Mo bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Owó ọjà tí ó fẹ́ lọ rà ní Balógun ni. N kò tíì gbàgbé ohùn rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ìdánwò kan bá ń gba ìṣẹ́jú àáyá 3 lórí kọ̀ǹpútà tó lọ́ra jù lọ lọ́wọ́ wa, 30 ni mo ń fún un. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá kóòdù yín ń lọ́ra sí i, ẹ wọ̀n ọ́n lọ́tọ̀, kí ẹ sì máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ẹ má ṣe di iṣẹ́ yẹn ru gbèdéke. Ẹ má sì kàn gba iye tí irinṣẹ́ yín bá gbé wá: nínú àwọn irinṣẹ́ ìdánwò JavaScript, ìṣẹ́jú àáyá 2 ni Mocha ń fún ìdánwò kọ̀ọ̀kan, Jest ń fún un ní 5, nígbà tí èdè Go ń fún gbogbo ìdánwò inú package kan (àkójọ kóòdù kan) ní ìṣẹ́jú 10. Ti Go ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, kì í ṣe nítorí iye náà, bí kò ṣe pé bí àkókò bá pé, yóò tẹ ibi tí goroutine kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn iṣẹ́ tí Go ń ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wà jáde kí ó tó kú. Pytest-timeout náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí a sọnù ní Yábàá kì bá tí sọnù ká ní a ní irú àkọsílẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo JUnit 5, irinṣẹ́ ìdánwò fún èdè Java, ẹ ṣọ́ra. assertTimeout máa ń jẹ́ kí kóòdù náà parí kí ó tó sọ pé ó ti pẹ́ jù, nítorí náà kò wúlò fún ìdánwò tó há. assertTimeoutPreemptively ló ń dá a dúró, ṣùgbọ́n thread mìíràn (ọ̀nà iṣẹ́ mìíràn nínú sọ́fítíwíà kan náà) ló ń gbé kóòdù náà lọ, bí ẹ bá sì ń lo Spring, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ sọ́fítíwíà Java, àyípadà tí ẹ rò pé yóò padà sẹ́yìn lẹ́yìn ìdánwò lè jókòó sínú dátábéèsì.

Gbèdéke inú, ìyẹn ti ohun tí ìdánwò ń dúró dè, gbọdọ̀ kéré ju ti òde tó yí i ká lọ, kí àṣìṣe lè sọ orúkọ ohun tó fà á. Requests ti Python, tí a fi ń bá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò ní gbèdéke tirẹ̀ àfi bí ẹ bá fún un, nítorí náà mo ń fún un ní ìṣẹ́jú àáyá 5. Lock_timeout dátábéèsì ìdánwò náà, 5. Ìdánwò fúnra rẹ̀, 30. Ní òde pátápátá, GitHub Actions, tó ń bá wa ṣe àwọn ìdánwò fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí a yá, ń jẹ́ kí iṣẹ́ kan lo ìṣẹ́jú 360, ìyẹn wákàtí 6, kí ó tó pa á. Ètò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní timeout-minutes ni mo fi ń sọ ọ́ di ìṣẹ́jú 20. Ìdè dátábéèsì yẹn ti tún ṣẹlẹ̀ sí wa lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Ní ìgbà méjèèjì, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 5, a ti mọ ìlà kóòdù tó fà á.