Kọ̀ǹpútà Kan, Ènìyàn Mẹ́ta: Orúkọ Ta Ni Git Fi Ń Wọlé?

Ìbéèrè: Olóòtú, mo kí yín. Àwa mẹ́ta la jọ ń lo kọ̀ǹpútà Windows kan níbi iṣẹ́ wa ní Ìbàdàn, orí rẹ̀ la sì ti ń lo Git, ètò tó ń tọ́jú àyípadà inú iṣẹ́ kóòdù, láti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí GitHub, ibi ìtọ́jú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí mo bá ti pàṣẹ "git push" sí iṣẹ́ tuntun tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́, èsì 403 ni mò ń rí, pé ẹnìkejì mi kò ní àṣẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo jókòó sídìí ẹ̀rọ. Mo ti yí "user.name" àti "user.email" padà sí tèmi, síbẹ̀ kò yanjú.

Ìdáhùn: A dúpẹ́ fún ìwé yín. Ohun méjèèjì tí ẹ yí padà kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ìwọlé. Orúkọ òǹkọ̀wé ni wọ́n, tí Git ń kọ sára iṣẹ́. Token, ìyẹn àmì ìwọlé tó rọ́pò ọ̀rọ̀ aṣínà, ni GitHub fi ń mọ ẹni tó kan ilẹ̀kùn, nítorí láti ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni kò ti gba ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́ fún iṣẹ́ Git. Git Credential Manager, ètò kan tó ń bá Git ṣiṣẹ́, ló sábà máa ń tọ́jú token yìí lórí Windows; bí token ẹnìkan ṣoṣo bá sì wà níbẹ̀, òun ni yóò máa gbé jáde láì bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Kí ẹ lè mọ ohun tó ń tọ́jú token yín, ẹ kọ́kọ́ pàṣẹ "git config --show-origin --get-all credential.helper". Bí èsì bá jẹ́ "manager", ìyẹn Git Credential Manager, ẹ sọ fún ẹnìkejì yín, kí ẹ wá ṣí Credential Manager ti Windows fúnra rẹ̀ nínú Control Panel, kí ẹ yọ ohun tó ń jẹ́ "git:https://github.com" kúrò lábẹ́ Windows Credentials. Kí ẹ tó tún fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ yẹ bíráúsà wò, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀: bí ẹnìkejì yín kò bá tíì jáde kúrò nínú GitHub níbẹ̀, ojú ìwé ìwọlé tó máa ṣí yóò tún fún Git ní àṣẹ lórúkọ rẹ̀, ẹ ó sì padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Bí èsì bá jẹ́ "store", ọ̀ràn náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú fáìlì ".git-credentials" ni token wà, ní kedere, tí ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i lè kà á. Ẹ pa fáìlì náà rẹ́, kí oníkálùkù sì fagi lé token rẹ̀ lórí GitHub, nítorí pípa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kò sọ ọ́ di aláìlágbára.

Ohun tó dára jù ni kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àkáǹtì Windows ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí Windows kì í da ohun ìwọlé ẹnìkan pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Bí ọ̀gá yín kò bá gbà, ẹ fi "git remote set-url" kọ orúkọ yín àti àmì @ síwájú "github.com" nínú àdírẹ́sì iṣẹ́ náà, kí Git lè máa wá token tó bá orúkọ yẹn mu.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún wo àwọn iṣẹ́ tí ẹ ti fi ránṣẹ́ láìsí ìdíwọ́ ṣáájú ọ̀sẹ̀ yẹn, nítorí ó ṣeé ṣe kí àkáǹtì ẹnìkejì yín ni GitHub kọ sílẹ̀ pé ó fi wọ́n ránṣẹ́, kò sì yẹ kí ó máa jíhìn ohun tí kò ṣe.