Kí ló dé tí ilẹ̀kùn onípákó máa ń wú, tó ń há lásìkò òjò, àmọ́ tí kì í gùn sí i?

Sẹ́lúlóòsì inú igi ló fà á. Nínú ọgọ́rùn-ún ìdá igi gbígbẹ, òun nìkan máa ń tó 40 sí 50. Gúlúkóòsì, ìyẹn irú ṣúgà kan, ló so kọ́ra di sẹ́lúlóòsì bí ìlẹ̀kẹ̀ inú okùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí okùn kan. (Gúlúkóòsì yìí kan náà ló wà nínú àmàlà, bó ṣe so kọ́ra ló yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí ikùn wa kò fi lè da igi.) Àwọn okùn yìí tún lẹ̀ mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, wọ́n di fọ́nrán tíntín tí kò nípọn ju bíi nanomítà 3 sí 4 lọ (tí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìdá kan ni nanomítà kan).

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé: nínú ògiri sẹ́ẹ̀lì igi, ìyẹn àwọn yàrá tíntín tó para pọ̀ di igi, fọ́nrán wọ̀nyí lọ́ yí sẹ́ẹ̀lì ká, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ nàró tán, wọ́n kọjú sókè bí igi ṣe ga. Omi kì í ráyè wọ inú fọ́nrán náà. Àárín wọn ló ń gbà, tó sì ń tì wọ́n jìnnà síra. Pákó á wá fẹ̀, gígùn rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ẹ dé ọjà pákó ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ẹ wo bí àáké ṣe ń la igi wẹ́rẹ́ ní òòró, tí gígé e níbùú sì jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Fọ́nrán yẹn náà ni.

Ẹ jọ̀ọ́, pákó tó ti gbẹ dáadáa ni kẹ́ ẹ fi kan ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ sì kun gbogbo etí rẹ̀ lọ́dà, tòkè tìsàlẹ̀.