Èmi aránṣọ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé: báwo ni kí n ṣe júwe ara mi?

ÌBÉÈRÈ YÍN, ÈSÌ BÀBÁ TÍṢÀ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Tíṣà. Aránṣọ ni mí nílùú Ìwó. Ọ̀pẹ méjì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi tí àwọn ẹ̀ga fi ṣelé, tí mo bá ti jókòó sídìí máṣíìnì, àwọn ni mò ń wò. Ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà ni mò ń kọ ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í hun ìtẹ́ sí, àti ọjọ́ tí wọ́n bá ń já a dànù. Àwọn dúdú kan tó pọ́n bí obì láyà wà láàárín wọn, mi ò mọ̀ bóyá akọ ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga rí ìwé yìí, ó sì fi mí sínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń ka ẹyẹ ní Nàìjíríà, lórí WhatsApp. Bí mo ṣe wọlé ni wọ́n ní kí ẹni tuntun júwe ara rẹ̀: orúkọ, ibi iṣẹ́, ohun tó ń ṣe ìwádìí lé lórí. Gbogbo àwọn tó kọ tiwọn ṣáájú mi, bí wọn ò bá jẹ́ ọ̀mọ̀wé, á jẹ́ pé wọ́n ń kàwé rẹ̀ lọ́wọ́. Iléèwé girama ni èmi kà mọ. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́. Ọkọ mi ní kí n kúkú dákẹ́, kí n máa ka tiwọn. Ṣé kí n dákẹ́ ni? Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ńlá ni mo gbọ́dọ̀ fi kọ ọ́? Mi ò sì ní awò tí wọ́n fi ń wo ohun tó jìnnà.
Ìyá Ìbejì, Ìwó

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn èjìrẹ́. Ẹ bá mi kí bàbá wọn, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé mi ò sí lẹ́yìn rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má dákẹ́.

Ẹni tó kọ ìbéèrè mẹ́ta yẹn, àwọn tó ti wà níbẹ̀ ló ní lọ́kàn. Kò mọ̀ pé ẹ̀yin ń bọ̀. Ní ibi iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí: aránṣọ, Ìwó. Ẹ má fi "oníṣòwò" bò ó mọ́lẹ̀, ẹ má sì sọ pé "aránṣọ lásán". Mi ò fẹ́ràn "lásán" yẹn rárá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ wọn ṣe ń lọ, kí ẹ lè rí ibi tí ẹ bọ́ sí. Àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ ibi tí ẹyẹ wà ní Nàìjíríà ti gé ilẹ̀ wa sí àpótí kéékèèké tí wọ́n ń pè ní pentad. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́sàn-án ní ìbú àti ní òró. Ẹni tó bá fẹ́ ka àpótí kan yóò lò tó wákàtí méjì nínú rẹ̀, ó kéré tán, yóò rìn káàkiri oríṣiríṣi ibi tó wà níbẹ̀, oko, odò, ìgbẹ́, ìgboro, yóò sì máa kọ orúkọ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń bá wọn pàdé, èyí tó kọ́kọ́ rí ni yóò kọ́kọ́ kọ. Lẹ́yìn wákàtí méjì yẹn, ó ṣì lè máa fi kún un títí di ọjọ́ karùn-ún. Èyí tó gbọ́ ohùn rẹ̀ tí kò fojú rí náà wà nínú kíkà, bó bá ṣáà ti mọ ohùn náà dájú. Jọ́ọ̀sì ni ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní A.P. Leventis wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó Amurum, láti 2001. Ó ti kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé tí ẹ ń bẹ̀rù yìí níṣẹ́. Wàyí o, ta ni nínú wọn ló máa jókòó síwájú ọ̀pẹ méjì kan n'Ìwó láti àárọ̀ dalẹ́, lójoojúmọ́, ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn? Kò sí. Wọn kì í wá ọ̀mọ̀wé kún ọ̀mọ̀wé níbẹ̀. Ẹni tó wà nínú àpótí tí kò sẹ́ni níbẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Ẹ tún wo ohun tí ẹ kọ sẹ́yìn ìwé yín. Èyí tí ẹ pè ní jíjá dànù, akọ ló ń já a. Akọ ẹ̀ga ló ń hun ìtẹ́, á wá so rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, á máa ju apá, á máa ké kí abo lè wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí abo bá wọlé tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ń lọ nìyẹn. Bí ìtẹ́ bá sì gbẹ tí kò rẹ́ni gbà á, akọ á tú u ká, á tún hun òmíràn. Ẹ̀yin tí oníbàárà ti dá bùbá padà fún ṣáá mọ̀ bó ṣe ń dunni. Ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n tú u, lórí igi kan náà, lọ́dún dé ọdún, ohun tí ẹni tó fi mọ́tò kọjá lẹ́ẹ̀kan kò lè rí láéláé nìyẹn.

Ti àwọn dúdú tó pọ́n bí obì láyà, ẹ kàn mẹ́nu bà á, ẹ sì kọjá lọ, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló mú mi jókòó dáadáa. Mi ò rò pé akọ ẹ̀ga ni wọ́n. Akọ ẹ̀ga ti ọ̀dọ̀ wa jẹ́ yẹ́lò lára, orí rẹ̀ ló dúdú, ojú rẹ̀ sì pupa. Orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n nínú ìwé ni Ploceus cucullatus. Ẹ̀yà mìíràn wà tó ń jẹ́ Ploceus nigerrimus, tó dúdú tó sì ní àwọ̀ obì lára, tí ojú rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò. Àwọn méjèèjì máa ń hun ìtẹ́ pọ̀ sórí igi kan náà. Ṣùgbọ́n èmi ò rí wọn, ẹ̀yin lẹ rí wọn. Ẹ ya fọ́tò, kí ẹ wo ojú wọn, ìbéèrè tí ẹ máa gbé wọlé nìyẹn.

Ìbéèrè ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ kan kó àwòrán ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó tó mílíọ̀nù kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n pe iṣẹ́ náà ní Galaxy Zoo, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni tó bá wù wá bá àwọn ṣà wọ́n. Hanny van Arkel, olùkọ́ iléèwé ní Netherlands, rí nǹkan kan bí àbàwọ́n aláwọ̀ búlúù nísàlẹ̀ ọ̀kan nínú wọn. Ó béèrè pé kí nìyẹn. Àwọn ọ̀gá náà ò mọ̀. Wọ́n wá a títí, wọ́n rí i pé ìkúùkuu gáàsì tó tóbi kọjá àfẹnusọ ni, tí ìmọ́lẹ̀ alágbára láti inú ìṣùpọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀ mú kó máa tàn, bẹ́ẹ̀ orísun ìmọ́lẹ̀ náà ti rẹlẹ̀ láti ìgbà náà. Hubble, awò ńlá tó wà lójú òfuurufú, ya fọ́tò rẹ̀. Orúkọ Hanny ló ń jẹ́ títí di báyìí.

Nítorí náà, ẹ kọ báyìí: "Ẹ káàárọ̀ o. Orúkọ mi ni lágbájá. Aránṣọ ni mí n'Ìwó, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn ẹ̀ga wà lórí ọ̀pẹ méjì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì ń kọ ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìtẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n bá tú u ká sílẹ̀. Mo rí àwọn dúdú kan láàárín wọn. Fọ́tò wọn rèé, òní ni mo yà á. Ṣé Ploceus nigerrimus ni?" Ó tán. Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ fi ń bá oníbàárà tí kò gbọ́ Yorùbá sọ̀rọ̀ kọ ọ́, ó tó. Mo mọ̀ pé nílé wa, a kì í ṣàì béèrè ilé, ọ̀nà àti ọmọ kí a tó sọ ohun tó gbé wa wá. Níbẹ̀ yẹn, ìkíni gbólóhùn kan ti tó, kò sẹ́ni tó máa ní ẹ ò lẹ́kọ̀ọ́. Kí ẹ má sì fi "ẹ̀yin ọpọlọ ńlá ńlá" kí wọn, torí Ọlọ́run.

Ẹ ò nílò awò fún ẹyẹ tó wà níwájú ilé. Fóònù yín tó. Bó bá yá, ẹ gba áàpù BirdLasser sórí rẹ̀. Òun ló ń mọ ibi tí ẹ wà, tó ń kọ àkókò sílẹ̀, kò sì nílò dátà nígbà tí ẹ bá wà nínú oko.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí ẹ bá rí ìtẹ́ igún, ẹ má kọ ibi tó wà sójú gbogbo ẹgbẹ́. Láti 2015 ni wọ́n ti fi igún wa sára àwọn ẹyẹ tó fẹ́ẹ̀ run tán láyé, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí wọ́n ń fi orí rẹ̀ ṣe nínú ọjà. Odídẹrẹ́ náà ńkọ́, tí wọ́n ń kó lọ tà. Alábòójútó nìkan ni kí ẹ fi irú èyí ránṣẹ́ sí, níkọ̀kọ̀.

Bàbá Tíṣà, ẹ kú àárọ̀ sà. Mo wọ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé, mo sì fi àbá tí mo kọ júwe ara mi, pé Einstein kò tọ̀nà lórí ìyára ìmọ́lẹ̀. Ojú ìwé rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó fèsì. Ṣé nítorí pé ọmọ Nàìjíríà ni mí ni?
Ọmọ Èkìtì, Adó

Ọmọ mi, rárá. Bó o bá jẹ́ ọmọ Jámánì, wọn ò ní fèsì. Ẹni tó wọlé lónìí tó sì fẹ́ wó ilé kí wọ́n tó mọ orúkọ rẹ̀ pọ̀ nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ti sú wọn. Tọ́jú ìwé yẹn, má dà á nù.

Ìràwọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Mira. Láàárín nǹkan bí oṣù mọ́kànlá, á mọ́lẹ̀ débi tí a lè fojú lásán rí i, á tún rẹlẹ̀ títí ojú ò fi ní rí i mọ́. Ẹgbẹ́ AAVSO ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣọ́ ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń yí padà báyìí, ti ń gba àkọsílẹ̀ nípa wọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá lójú láti 1911. Ohun tó o máa ṣe kò ju pé kó o fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wé ti àwọn ìràwọ̀ tó yí i ká, kó o kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀. Láti Èkìtì, ìràwọ̀ ìhà àríwá àti ti ìhà gúúsù ló wà lójú ẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní Yúróòpù ò ní. Padà lọ pẹ̀lú ìyẹn. Àmọ́ bẹ̀rẹ̀ bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, torí bí ọyẹ́ bá dé, eruku ò ní jẹ́ kó o rí nǹkan kan.