Ẹ Béèrè, Kí A Dáhùn: Ibojì Ọba Humayun ní Delhi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń tẹ̀lé màmá mi lọ sí Delhi fún iṣẹ́ abẹ orúnkún. Wọ́n ní a ó dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó lè wọ bàálù padà, ọwọ́ á sì dilẹ̀ díẹ̀. Ẹnì kan ní ká lọ wo ibojì Humayun, ẹlòmíràn ní Taj Mahal nìkan ló tó wò. Èwo ni ká ṣe? (Olùkàwé, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Ẹ fi Taj Mahal sílẹ̀ ná. Agra ló wà, ó ju 200 kìlómítà lọ sí Delhi, orúnkún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là kò sì lè fara da ìjókòó wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin nínú ọkọ̀. Àárín ìlú Delhi ni Humayun wà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí i, láti ìyọ oòrùn títí di ìwọ̀ oòrùn.

Ẹ má rò pé ẹ fi ńlá sílẹ̀ lọ wo kékeré. Ọdún 1556 ni Humayun, ọba ìran Mughal tó jọba ní Íńdíà, ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé ìkówèésí rẹ̀, tó sì kú. Haji Begum, opó rẹ̀, ló dúró ti iṣẹ́ ibojì náà, láti nǹkan bí 1565 títí di 1572. Mirak Mirza Ghiyas, ará Páṣíà, ló ya àwòrán ilé. Shah Jahan tó wá kọ́ Taj Mahal, ọmọ-ọmọ-ọmọ Humayun ni. Ọgbà tí omi tẹ́ẹ́rẹ́ pín sí mẹ́rin, pèpéle gíga, òrùlé rìbìtì funfun: wọ́n ti kó gbogbo wọn jọ síbí kí Taj tó wà.

Rúpì 600 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò ilẹ̀ òkèèrè ní gèètì. Ẹ tún un wò kí ẹ tó jáde, torí ìjọba lè yí i padà. Takisí ni kí ẹ gbé fún màmá. Ẹni tó bá ń dá lọ lè wọ reluwé ìgboro dé ibùdókọ̀ tí wọ́n ń pè ní JLN Stadium, kó wá gba kẹ̀kẹ́ Márúwá, irú tiwa yìí gan-an. Láti oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta ló tura jù, àmọ́ èéfín àti kùrukùru ìparí ọdún lè mú kí òrùlé máa hàn bàìbàì. Ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà, òkúta pèpéle á gbóná bí agbada àkàrà.

Pèpéle náà ga tó mítà 7, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì dá gangan. Kí màmá má gùn ún rárá. Ẹ wá ibòòji fún wọn nínú ọgbà. Àtọgbà wò ni wọ́n kúkú ṣe ilé yẹn sí.

ÌBÉÈRÈ: Mo débẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Láti òde, òrùlé yẹn ga bí òkè. Mo wọ yàrá ibojì, mo gbójú sókè, àjà tí mo rí kò ga tó bẹ́ẹ̀. Àbí ojú mi ló ń tàn mí jẹ? (Olùkàwé, Kútọnu)

ÌDÁHÙN: Ojú yín ríran. Òrùlé méjì ló wà níbẹ̀, bí ìgbà tí a dojú igbá kékeré dé, tí a wá fi igbá ńlá bò ó, tí àlàfo sì wà láàárín. Igbá òde wà fún ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Bí kò bá ga tó bẹ́ẹ̀, iwájú ilé á gbé e mì. Ṣùgbọ́n bí igbá òde yẹn bá tún jẹ́ àjà, yàrá á rí bíi kànga téèyàn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Igbá inú ni wọ́n fi gé gíga yàrá sí ìwọ̀n tó bá fífẹ̀ rẹ̀ mu.

Àṣìṣe ọ̀pọ̀ àlejò ni pé wọ́n á sáré gba ọgbà kọjá, wọ́n á wá máa ya fọ́tò nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ gan-an ni pèpéle àti iwájú ilé ti ń dí òrùlé. Gèètì ìwọ̀-oòrùn ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dúró. Kí ẹ tún dúró ní agbedeméjì ọgbà, kí ẹ wo bí mábù funfun ṣe ń tẹ̀lé etí ẹnu-ọ̀nà ilé lára òkúta pupa, bí iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá.

Pósí mábù kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá, òfìfo sì ni. Sàréè gangan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tààrà, nínú pèpéle. Ẹ wá yíjú sí ìwọ̀-oòrùn: òkúta tí wọ́n lu bí ajere ló dí ojú fèrèsé, àwòrán míráàbù, àmì tó ń tọ́ka sí Mẹ́kà, sì wà lára rẹ̀. Nínú mọ́ṣáláṣí, ògiri tó dí ni míráàbù máa ń wà. Níbí, ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ wọlé. Má jẹ̀ẹ́ kó rú yín lójú pé kì í ṣe ìlà-oòrùn ló kọjú sí bíi tilé wa. Tí a bá wà ní Delhi, ìwọ̀-oòrùn ni Mẹ́kà wà.

Sàréè tó lé ní 100 ló tún wà káàkiri ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ò lórúkọ lára. Ẹ má jókòó lé wọn ya fọ́tò.

ÌBÉÈRÈ: Bíríkìlà ni mí. Mo gbọ́ pé wọ́n tú kọnkéré kúrò lórí òrùlé ibojì Humayun nígbà àtúnṣe. Ṣé kọnkéré kò le ju nǹkan ayé àtijọ́ lọ ni? (Olùkàwé, Ṣàgámù)

ÌDÁHÙN: Líle rẹ̀ gan-an ni wàhálà. Ẹfun òkúta tí wọ́n sun níná, tí wọ́n sì fi omi pa, ni wọ́n fi mọ ilé náà. Irú rẹ̀ máa ń fa omi, ó sì ń tú u jáde. Kọnkéré tí wọ́n dà lé e láyé òde òní kò jẹ́ kí omi tó ti wọlé rí ọ̀nà jáde, ó sì tún wúwo. Nínú àtúnṣe 2007 sí 2013, ohun tí wọ́n kó kúrò lórí òrùlé ju mílíọ̀nù kan kílò lọ, ẹfun ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Ilé alámọ̀ tí wọ́n rẹ́ sìmẹ́ǹtì mọ́ lára, tó ń bó bí èèpo, ohun kan náà ló ń ṣe é. Bí wọ́n bá pè yín sí irú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ha sìmẹ́ǹtì yẹn dànù; ẹ má rẹ́ òmíràn lé e.