Ikùn Rẹ Kọ́ Ló Lé Ọkọ Rẹ sí Pálọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ ọdún 33 ni mí, Ìbàdàn ni à ń gbé. Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo fi iṣẹ́ abẹ bí ọmọ wa kejì. Ikùn mi ò padà sípò, ìlà kún un, àpá abẹ sì wà níbẹ̀. Mo ń rí àwọn abiyamọ lórí Instagram tí ikùn tiwọn ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo máa ń pa iná kí Dádì wa tó wọ yàrá. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n fọwọ́ kan ikùn mi, mo gbá ọwọ́ wọn kúrò. Látìgbà náà, pálọ̀ ni wọ́n ń sùn sí nídìí bọ́ọ̀lù. Ṣé wọn ò ti ní ẹlòmíràn níta báyìí? — Ìyá Ọlọ́mọ Méjì

Ọmọ mi, mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó o gbá kúrò yẹn ló dùn mí jù. Ọkùnrin na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀ nínú òkùnkùn, o gbá a, o ò sì sọ ìdí. Kí lo fẹ́ kó rò? Bí ìwọ ṣe ń rò pé ó kórìíra ara rẹ, òun náà lè wà ní pálọ̀ kó máa rò pé o ò fẹ́ òun mọ́. Mi ò lè búra fún ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí obìnrin kankan nínú ohun tó o kọ.

Ní Amẹ́ríkà, William Masters àti Virginia Johnson, tó ṣèwádìí lórí ìbálòpọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ ọ́ ní 1970 pé èèyàn lè di òǹwòran ara rẹ̀ lórí ibùsùn. Ara wà níbẹ̀, ọkàn ti lọ fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wo bí ikùn ṣe rí. Ẹni tó ń ṣọ́ ara rẹ̀ báyẹn, adùn kankan kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ara á le, á máa dunni, ìyẹn á sì tún dá kún ẹ̀rù ọjọ́ mìíràn.

Bí o bá ṣì ń fọ́mọ lọ́yàn, ìyẹn náà máa ń mú ojú ara gbẹ, ìfẹ́ rẹ ò kú. Jẹ́lì olómi tí wọ́n ń fi sí ojú ara kó má gbẹ wà ní ilé oògùn. Bí àpá abẹ bá ṣì ń dùn ẹ́, tàbí tí àárín ikùn bá ń yọ gọngọ nígbà tó o bá ń dìde, lọ rí dókítà. Àwọn ìlà yẹn á ṣì fẹ́ẹ́rẹ́ sí i, wọn kì í parẹ́ tán. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ìpara abóra fún ẹ nítorí wọn. Èyí tí wọ́n po oògùn tó ń jẹ́ sitẹ́rọ́ìdì mọ́ nínú rẹ̀ lè fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ síni lára. Inú mi kì í dùn sí àwọn tó ń tà á fún abiyamọ.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ara rẹ náà ńkọ́? Àwọn tó wà lórí Instagram lò ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sí nídìí láràárọ̀. Ìyá mi àgbà bí ọmọ mẹ́jọ, lágídígba ò kúrò ní ìdí wọn. Ìró rẹ̀ ni bàbá àgbà fi ń mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀.

Bá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, nígbà tí ọmọ bá sùn, má dúró di orí ibùsùn. “Dádì wa, ọjọ́ tí mo gbá ọwọ́ yín kúrò, ikùn mi ló ń tì mí lójú, mi ò kọ̀ yín.” Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìbálòpọ̀ gan-an sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ kàn máa fọwọ́ ra ara yín, ọ̀nà tí àwọn méjì tí mo dárúkọ yẹn fi ń tọ́jú tọkọtaya nìyẹn. Ìwọ ni kó o mú ọwọ́ rẹ̀, kó o gbé e síbi tó o fẹ́. Tó bá kan iná, ẹ tan kékeré, kẹ́ ẹ dojú rẹ̀ kọ ògiri.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ó ti fi ikùn yẹn bú ẹ rí, tó o kàn fi pamọ́ fún mi nínú lẹ́tà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Kọ̀wé padà sí mi.